Nọ́ńbà 4474: Bí Ìròyìn Tó Tọ̀nà Ṣe Yọrí sí Ikú Ènìyàn 290

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1988, USS Vincennes, ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, yin mísáìlì méjì lu bàálù akérò kan lókè ọ̀nà omi tóóró Hormuz, lẹ́bàá Ìránì. Iran Air 655 ni bàálù náà. Ènìyàn 290 ló wà nínú rẹ̀, ọmọdé 66 sì wà lára wọn. Kò sẹ́ni tó là á já.

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ogun fún ìjọba máa ń sọ pé bí a bá ti so gbogbo ọkọ̀, gbogbo rádà àti gbogbo ibùdó àṣẹ mọ́ra wọn, tí ohun tí ẹnì kan rí sì di ohun tí gbogbo wọn rí, àṣìṣe á dín kù, orílẹ̀-èdè á sì sùn fọnfọn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n inú irú ìsokọ́ra bẹ́ẹ̀ gan-an ni Vincennes wà. Rádà rẹ̀ rí bàálù náà kedere. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ gíga bàálù náà àti eré tó ń sá sílẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ wà nínú ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìgbà tí wọ́n yin mísáìlì. Ibi tí òótọ́ yẹn ti sọnù kó tó dé etí ẹni tó ní àṣẹ ni mo fẹ́ ká jọ tọpasẹ̀.

Omi tí kò fararọ

Láti ọdún 1980 ni Ìránì àti Ìráàkì ti ń jagun. Nígbà tó yá, ogun náà kúrò lórí ilẹ̀ nìkan, ó bọ́ sórí omi, olúkúlùkù wọn ń lu ọkọ̀ tó ń kó epo. Amẹ́ríkà kó ọkọ̀ ogun wá síbẹ̀ láti máa sin àwọn ọkọ̀ epo la omi náà kọjá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1987, bàálù ogun Ìráàkì kan yin mísáìlì Exocet méjì lu ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ USS Stark. Atukọ̀ 37 ló kú. Stark kò tilẹ̀ yin ìbọn kan ṣoṣo láti gbèjà ara rẹ̀, wọ́n sì gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1988, bọ́ǹbù abẹ́ omi tí Ìránì rì sójú ọ̀nà ya ìsàlẹ̀ USS Samuel B. Roberts. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà àti ti Ìránì wọ̀yá ìjà fún odidi ọjọ́ kan.

Gbogbo ọ̀gá ọkọ̀ tó bá wọ omi yẹn lẹ́yìn èyí ló mọ ìtàn Stark. Ẹni tó bá rò ó jù, tó sì dúró jù, àwọn atukọ̀ rẹ̀ ni yóò kú. Ìbẹ̀rù yìí kò sí nínú kọ̀ǹpútà kankan, ṣùgbọ́n ó wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń ka kọ̀ǹpútà náà, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ òdodo fi í sọ́kàn.

Ọdún 1985 ni Vincennes wọ iṣẹ́. Owó tí wọ́n ná lórí rẹ̀ sún mọ́ bílíọ̀nù kan dọ́là, nítorí ètò Aegis tó wà nínú rẹ̀, èyí tó so rádà, kọ̀ǹpútà àti mísáìlì ọkọ̀ pọ̀. Rádà Aegis, SPY-1, kì í yí bíi ti àtijọ́. Pátákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, iná mànàmáná ló sì ń darí ojú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ó lè ṣọ́ nǹkan tó lé ní ọgọ́rùn-ún lójú òfurufú lẹ́ẹ̀kan náà. Agbami òkun ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí bàálù ogun Soviet àti mísáìlì wọn bá ti ń bọ̀ wìtìwìtì, tí kò sí ẹlòmíràn nítòsí. Hormuz kì í ṣe agbami. Níbi tó ti fún jù, nǹkan bíi máìlì 21 péré ni, ọkọ̀ apẹja, ọkọ̀ epo àti bàálù akérò sì ń lọ ń bọ̀ níbẹ̀ láràárọ̀.

Ohun kejì tó wà nínú ọkọ̀ náà ni Link 11, ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ogun fi ń fi dátà ránṣẹ́ síra wọn lórí afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ kan bá rí nǹkan lókè, yóò fún un ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn di orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni nínú ìsokọ́ra tó bá fẹ́ mọ ibi tí nǹkan náà wà, bó ṣe ga tó àti bó ṣe ń sáré tó, nọ́ńbà náà ni yóò tẹ̀. Ìlànà tó mọ́gbọ́n dání ni, mi ò rí èyí tó dára jù ú lọ. Ẹ fi sọ́kàn ṣá pé orúkọ ni nọ́ńbà náà, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ yìí ló gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà

Hẹlikópítà Vincennes lọ wo àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ti Ìránì, ó sì padà ròyìn pé wọ́n yìnbọn sí òun. Captain Will Rogers III, ọ̀gá ọkọ̀ náà, sáré gbé ọkọ̀ lọ bá wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn. Ọdún 1992 ni Admiral William Crowe, tó jẹ́ olórí àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà nígbà ìṣẹ̀lẹ̀ náà, tó gbà ní gbangba pé inú omi Ìránì ni Vincennes wà lákòókò yẹn.

Bí ìjà yìí ṣe ń lọ, Iran Air 655 gbéra ní Bandar Abbas, ó ń lọ sí Dubai. Ìrìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 28 ni. Airbus A300 ni bàálù náà, Captain Mohsen Rezaian ló ń wà á. Ojú ọ̀nà òfurufú tí wọ́n ń pè ní Amber 59 ló gbà, ọ̀nà tó fẹ̀ tó máìlì 20, kò sì yà kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí bàálù fi ń dá rádà lóhùn wà ní títàn, ó ń sọ nọ́ńbà àwọn akérò, 6760 lórí ọ̀nà ìdáhùn tí wọ́n ń pè ní Mode III, bó ṣe yẹ kí bàálù akérò máa ṣe. Kò sí ohun tí awakọ̀ náà ṣe lódì.

Ṣùgbọ́n àwọn ológun Ìránì náà ń lo pápákọ̀ òfurufú Bandar Abbas, Ìránì sì ti kó bàálù ogun F-14 wá síbẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Ohunkóhun tó bá gbéra níbẹ̀, ojú méjì ni wọ́n fi ń wò ó.

Òṣìṣẹ́ kan nínú Vincennes mú ìwé àkókò bàálù akérò, ó wò ó bóyá bàálù kan yẹ kó gbéra lásìkò yẹn. Inú yàrá ìdarí ogun ṣókùnkùn, ojú ẹ̀rọ nìkan ló ń tàn, ìbọn ńlá ọkọ̀ sì ń dún lókè. Aago mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí omi yẹn. Aago tí ọkọ̀ náà ń lò fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rẹ̀yìn sí ti Ìránì, ti Dubai sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ti Ìránì. Aago 9:50 Ìránì ni ìwé sọ pé 655 yóò gbéra, èyí tó jẹ́ 9:20 lórí aago ọkọ̀. Bàálù náà pẹ́. Aago 10:17 Ìránì ló tó gbéra, 9:47 lórí aago ọkọ̀. Ẹni tó bá ń wá a nínú ìwé lórí aago ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí aago padà lọ́kàn, kó sì tún rántí pé bàálù a máa pẹ́. Òṣìṣẹ́ náà kò rí i.

Ìsokọ́ra tó lè gbé dátà rádà láti ọkọ̀ dé ọkọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kò mọ ohunkóhun nípa ìgbà tí bàálù akérò ń gbéra. Bébà ni wọ́n fi mọ ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ náà tí wọ́n fi lè gbọ́ ohun tí awakọ̀ 655 àti àwọn adarí bàálù ní Bandar Abbas ń bá ara wọn sọ. Ọ̀rọ̀ wérewère tí awakọ̀ máa ń sọ ni, ti gíga àti ti ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ gbólóhùn kan níbẹ̀ kò ní pè é ní F-14 mọ́.

Bí akérò ṣe di F-14

Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ ogun tí wọ́n fi ń béèrè lọ́wọ́ bàálù pé ta ni ọ́, ọ̀rẹ́ ni tàbí ọ̀tá. Mode III wà fún akérò àti ológun, Mode II sì jẹ́ ti ológun nìkan. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà tọ́ka rẹ̀ sí ibi tí bàálù náà ti gbéra ní Bandar Abbas, ó sì fi í síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Bàálù ti ń lọ, ẹ̀rọ kò tẹ̀ lé e. Ó wá rí Mode II, nọ́ńbà 1100. Àlàyé tí àwọn olùwádìí rí fún un ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàálù ológun tó wà nílẹ̀ ní pápákọ̀ náà ló dáhùn ìbéèrè tí wọ́n rò pé 655 ni wọ́n ń bi. Nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà Aegis, Mode III nìkan ni 655 sọ jálẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni ẹnì kan ti sọ F-14 lórí ẹ̀rọ àfetígbọ́. Ẹ̀rọ àfetígbọ́ yìí náà jẹ́ ìsokọ́ra, tó so àwọn tó wà nínú yàrá kan ṣoṣo pọ̀. Bí àwọn tó ń gbọ́ ọ bá ti pọ̀ jù, ohùn á lọ sílẹ̀, wọ́n á sì ní láti sún sí ìlà mìíràn kí wọ́n tó lè gbọ́ra. Inú irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ “bóyá” ti di “bẹ́ẹ̀ ni”. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ F-14 ti jáde, gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bá a mu: bàálù ológun Ìránì kan, P-3, ń fò níhà ìwọ̀-oòrùn, ìjà ń lọ lórí omi, ohun kan sì ń bọ̀ tààrà láti òkè.

Ọ̀gágun kan nínú yàrá náà sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ pé ó lè jẹ́ bàálù akérò. Captain Rogers gbé ọwọ́ sókè láti fi hàn pé òun gbọ́. Mo ti ka ibí yìí léraléra. Ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà jáde lẹ́nu èèyàn, ó dé etí ẹni tó yẹ kó dé, kò sì rí ibi dúró sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni. Kò sí àmì tó yí padà lójú ẹ̀rọ, kò sí ohun tó ń tàn tó ń kú láti sọ fún gbogbo wọn pé iyèméjì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Láàárín àsìkò yìí kan náà, ìbọn iwájú ọkọ̀ há. Rogers yí ọkọ̀ padà gbìì lórí eré kí ìbọn ẹ̀yìn lè dojú kọ àwọn ọkọ̀ kéékèèké náà. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìwé àti nǹkan ọwọ́ sì ń já bọ́ nínú yàrá ìdarí ogun. Inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ka nọ́ńbà wíníwíní lórí ojú ẹ̀rọ.

Nọ́ńbà tó yí olówó padà

Nígbà tí Vincennes rí 655, ó fún un ní nọ́ńbà 4474. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà mìíràn tó wà nítòsí, USS Sides, rí bàálù kan náà, ó sì fún un ní 4131. Link 11 fi wọ́n wéra, ó rí i pé nǹkan kan ṣoṣo ni, kò sì yẹ kí nǹkan kan jẹ́ orúkọ méjì. Ó mú 4131, ó fi 4474 sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn, ó sì jẹ́ ẹ bó ṣe yẹ.

Ṣùgbọ́n 4474 kò kú. Ó padà sínú àwọn nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ fún lílò, wọ́n sì fún bàálù ogun Amẹ́ríkà kan tó wà lọ́nà jíjìn, tí ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí wọ́n gba nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fún ẹlòmíràn mọ bó ṣe ń rí: àwọn tó ń pè é tẹ́lẹ̀ á máa bá àlejò sọ̀rọ̀ láìmọ̀.

Bí àkókò ṣe ń tán lọ, Captain Rogers béèrè pé kí ni 4474 ń ṣe. Orúkọ tó mọ bàálù náà sí nìyẹn. Lójú ẹ̀rọ, bàálù tó ń bọ̀ wá bá a ti di 4131. Àwọn tó tún dátà ọjọ́ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gbé àlàyé kan kalẹ̀ tí mo gbà pé ó lágbára jù: ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè yẹn tẹ 4474, ẹ̀rọ sì sọ òótọ́ fún un nípa 4474 tuntun, pé ó ń sọ̀ kalẹ̀, pé eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó ké e síta. Létí ọ̀gá ọkọ̀, F-14 ti dorí kodò, ó ń bọ̀ wá pa wọ́n.

Ìròyìn tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn ni pé bàálù náà wà ní ẹsẹ̀ bàtà 7,800, ó ń sọ̀ kalẹ̀, eré rẹ̀ sì ti lé ní knot 440. Lásìkò kan náà, àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ náà sọ pé ó wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12,000, ó ń gòkè, knot 380 ló sì ń sá. Nínú gbogbo ìrìn rẹ̀, bàálù 655 kò sọ̀ kalẹ̀ rí.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé ṣé wọn ò rí i lójú ẹ̀rọ pé ó ń gòkè ni. Ojú ẹ̀rọ ńláńlá tó wà níwájú ọ̀gá ọkọ̀ kò fi gíga hàn. Ó ń fi àmì hàn, ibi tí nǹkan wà àti ibi tó dojú kọ. Gíga wà lórí ojú ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà lásán, láìsí ohun tó sọ bóyá ó ń pọ̀ tàbí ó ń dín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà kan, kó dúró díẹ̀, kó wo òmíràn, kó sì yọ èyí kúrò nínú tọ̀hún lórí. Ẹ bá mi wo bí ènìyàn ṣe fẹ́ ṣe ìyẹn nígbà tí ọkọ̀ fì, tí ìbọn ń dún, tí gbogbo yàrá sì ń retí mísáìlì. Rádà kò sì fi bí bàálù ṣe tóbi tó hàn wọ́n. A300 tó gbé ìdílé lọ sí Dubai àti F-14, àmì kan náà ni lójú ẹ̀rọ.

Ìkìlọ̀ tí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀

Vincennes kìlọ̀. Nínú ìkìlọ̀ rẹ̀, méje lọ sórí ìlà pàjáwìrì àwọn ológun, tí bàálù akérò kò ní ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ọ. Mẹ́ta lọ sórí 121.5, ìlà pàjáwìrì gbogbo ayé. Àwọn mẹ́ta yìí ń pe bàálù Ìránì tí a kò mọ̀, pẹ̀lú eré tó ń sá bí rádà ṣe wọ̀n ọ́n lórí ilẹ̀. Eré ojú afẹ́fẹ́ ni awakọ̀ ń rí níwájú rẹ̀, nọ́ńbà méjèèjì kì í sì bára mu. Awakọ̀ tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀, tó ń bá adarí bàálù sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní ìdí láti rò pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ẹnì kankan kò pè é ní Iran Air 655, nítorí ẹnì kankan nínú ọkọ̀ náà kò mọ orúkọ yẹn.

Aago 9:54 ọkọ̀ ni wọ́n yin mísáìlì. Ìṣẹ́jú méje péré ti kọjá látìgbà tí bàálù náà gbéra.

Ọkọ̀ kejì

Ìdí tí mi ò fi lè gbà pé kádàrá ni gbogbo èyí ni USS Sides. Sides wà lórí omi kan náà, nínú ìsokọ́ra kan náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó kéré sí ti Vincennes gan-an. Ọ̀gá rẹ̀, Commander David Carlson, wo bàálù náà, ó gbọ́ ọ tí wọ́n ń pè é ní F-14, ó sì pinnu pé kì í ṣe ewu. Ó ń gòkè, kò tan rádà ìjà kankan, ọ̀nà rẹ̀ kò sì fi hàn pé ó fẹ́ lu ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1989, Carlson kọ̀wé ní gbangba pé ìwà ìwọra fún ìjà wà nínú bí wọ́n ṣe ń lo Vincennes ní omi náà.

Lórí Link 11, Sides rí ohun tó tọ̀nà, Vincennes gbọ́ ohun tí kò tọ̀nà, ìsokọ́ra náà kò sì fi ìyàtọ̀ àárín wọn han ẹnikẹ́ni. Ó gbé àmì láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Ìdájọ́ Carlson pé kò séwu kò sí ibi tí wọ́n lè kọ ọ́ sí kó lè dé iwájú Rogers. Èyí ni mo kà sí àléébù tó tóbi jù nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ju nọ́ńbà 4474 pàápàá lọ. Bí ọkọ̀ méjì bá ń wo nǹkan kan náà tí èrò wọn sì yàtọ̀, ìyàtọ̀ yẹn ni ìròyìn tó ṣe pàtàkì jù lórí omi lásìkò yẹn.

Ohun tí ìwádìí sọ

Rear Admiral William Fogarty ló ṣe ìwádìí fún iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ síta ní oṣù Kẹjọ ọdún 1988. Ó sọ ọ́ ní kedere pé Aegis ṣiṣẹ́ dáadáa, pé dátà rẹ̀ péye, pé àwọn ènìyàn ló yí i po lọ́kàn wọn láìmọ̀ọ́mọ̀ lábẹ́ ìnira ìjà, tí wọ́n ń rí ohun tí wọ́n ti ń retí láti rí. Kò sẹ́ni tí wọ́n fìyà jẹ. Ní 1990, Rogers gba àmì ẹ̀yẹ Legion of Merit fún iṣẹ́ rẹ̀.

Mo gbà pé ìnira ìjà wà níbẹ̀. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí a sọ pé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún, kí ọ̀gá ọkọ̀ lè mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a, kò ṣẹlẹ̀. Dátà tó wà nínú téèpù tí kò sì dé ọkàn ẹni tó fẹ́ tẹ bọ́tìnnì kò tíì ṣiṣẹ́. Bí a bá sì di gbogbo ẹ̀bi ru ọkàn ènìyàn, ẹ̀rọ tó ń tún nọ́ńbà lò láìsọ fẹ́nikẹ́ni yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àbọ̀ Fogarty fúnra rẹ̀ mọ èyí díẹ̀, nítorí ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n tún ọ̀nà tí ojú ẹ̀rọ ń gbà fi gíga hàn ṣe. Ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà sì dá ètò ìwádìí kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní TADMUS, láti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń ṣe ìpinnu lábẹ́ ìnira, kí wọ́n lè ṣe ojú ẹ̀rọ tó bá ọkàn ènìyàn mu. Iṣẹ́ tó wúlò jáde níbẹ̀. Ì bá wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ náà wọ Hormuz.

Ìránì gbé Amẹ́ríkà lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé ní 1989. Oṣù Kejì ọdún 1996 ni wọ́n fẹnu kò síta ilé ẹjọ́: dọ́là mílíọ̀nù 131.8 lápapọ̀, mílíọ̀nù 61.8 nínú rẹ̀ fún ìdílé àwọn tó kú. Amẹ́ríkà kò gbà pé òun jẹ̀bi lábẹ́ òfin.

Àjọ ICAO, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù akérò lágbàáyé, ṣe ìwádìí tirẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ló sì gbé ìwé ìlànà kan jáde ní 1990, Doc 9554, lórí bí àwọn ológun àti àwọn adarí bàálù yóò ṣe máa sọ fúnra wọn nígbà tí ìjà bá wà nítòsí ọ̀nà akérò. Ẹrù pípa ojú òfurufú dé nígbà ewu, ìjọba tó ni ojú òfurufú náà ni ìwé náà gbé e lé lórí.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2020, Ìránì yin mísáìlì lu ibùdó tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà ní Ìráàkì, ó sì ń retí ẹ̀san. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ mísáìlì Tor-M1 kan láti ibì kan sí ibòmíràn nítòsí Tehran. Gẹ́gẹ́ bí àbọ̀ tí àjọ ìjọba Ìránì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù akérò gbé jáde, wọn kò tún ojú rádà rẹ̀ tò sí àríwá lẹ́yìn tí wọ́n gbé e, nítorí náà bàálù tó ń jáde láti pápákọ̀ dà bí ohun tó ń bọ̀ láti apá ibòmíràn. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí ibùdó àṣẹ, iṣẹ́ rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sì dúró gba èsì kó tó yìn ín. Ukraine International 752 ló lù, ènìyàn 176 sì kú. Kánádà àti Ukraine sọ pé àlàyé náà kò tó, mo sì rò pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti sọ bẹ́ẹ̀. Bàálù yẹn náà pẹ́ kó tó gbéra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Ìjọba Ìránì kò pa ojú òfurufú Tehran dé lóru yẹn, bàálù akérò mìíràn sì ti gba ibẹ̀ kọjá kó tó kan 752.